Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin Tí Mo Gé Kúrò

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe jẹun. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju yàrá kan lọ: kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì, ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rá bo ìwé, àti àga onírin kan fún oníbàárà. Ohun tí àwọn èèyàn mọ̀ mí sí ni pé kò sí ọ̀rọ̀ tí mi ò lè fún mọ́ ojú ìwé kan ṣoṣo. Ẹ gbé lẹ́tà olójú ìwé mẹ́rin wá, màá gé e lórí, màá gé e nídìí, màá sì dá a padà fún yín ní ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ojú-Ìwé-Kan. Mo máa ń rò pé wọ́n ń yìn mí ni.

Nígbà tí Alága, olùkọ́ eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì, gbé eré píkúbọ́ọ̀lù wọ agbègbè wa, ọ̀dọ̀ mi ló gbé ìwé òfin rẹ̀ wá. Eré náà kò le. Wọ́n á ta àwọ̀n sáàárín pápá kékeré kan, ẹni méjì níhìn-ín, ẹni méjì lọ́hùn-ún, wọ́n á máa fi pátákó gbá bọ́ọ̀lù oníke tó ní ihò lára síra wọn. Àgbà lè ṣe é, ẹni tó sanra lè ṣe é, ẹni tí orúnkún ń dùn náà lè ṣe é tí kò bá ti ṣe ju ara rẹ̀ lọ. Ibì kan wà níwájú àwọ̀n, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, tí wọ́n fi ìlà pààlà sí. Ilé ìdáná ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ẹ má bi mí nídìí o. Kò síná níbẹ̀, kò sí ìkòkò.

Ìwé òfin yẹn tó ogójì ojú ìwé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó tì í. Mo yí i sí Yorùbá, mo ń gé e, mo ń fún un, títí ó fi di ẹyọ kan, mo sì fi ọ̀rá bò ó. Kò sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní agbègbè wa tí ìwé mi ò sí lára ògiri rẹ̀. Torí ìwé yẹn ni wọ́n ṣe fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ agbègbè. Wọ́n tún fi mí ṣe rẹfirí, nítorí èmi nìkan ni mo mọ òfin lórí láìwò ó.

Nínú gbogbo ẹgbẹ́ wa, ti ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ kún, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sì dá a sílẹ̀. Ọmọ ìyá mi ni, òun ni olórí àwọn alásè níbẹ̀. Ó kó àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń dáná, ó kó àwọn afọṣọ, ó kó nọ́ọ̀sì méjì, wọ́n di mẹ́rìnlá. Tí iṣẹ́ bá ti parí lọ́sàn-án, wọ́n á ya sí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tó wà lódìkejì títì, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ rántí ṣí fìlà iṣẹ́ lórí. Ẹ̀rín wọn á máa dún dé ìta. Ẹni tó ń kọjá á yọjú, á dúró wòran, kó tó ṣe díẹ̀ á bèèrè ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Bí eré yìí ṣe tàn tí a fi di ẹgbẹ́ mẹ́jọ nìyẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ìwé mi ló tàn án.

Ní àṣekágbá ìdíje ọdún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi àti nọ́ọ̀sì kan kojú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ méjì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé mọ́kànlá, tó sì fi méjì ju ẹnì kejì lọ, ló borí. Ẹ̀gbọ́n mi àti ẹnì kejì rẹ̀ ti ní mẹ́wàá sí mẹ́sàn-án, ọwọ́ wọn sì ni bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ará ilé ìfìwéránṣẹ́ wá rọra ta bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀ níwájú àwọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi sáré. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní àádọ́ta, síbẹ̀ ó sáré. Bọ́ọ̀lù balẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó ta sókè, ẹ̀gbọ́n mi ti dé ìdí rẹ̀, ó sì fi pátákó gbé e lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò sí. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Mo nawọ́ sókè, mo ní àṣìṣe ni, ó dúró sínú ilé ìdáná gbá bọ́ọ̀lù.

Ó wò mí. Ó ní bọ́ọ̀lù ti balẹ̀ kí òun tó gbá a, pé òun ti rí i lórí fóònù bí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá ṣe ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Mo ní ohun tí wọ́n ń ṣe lórí fóònù kò kàn mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ ka ohun tó wà lára ògiri."

Kò lọ kà á. Wọ́n ń gbá a lọ, àwọn ará ilé ìfìwéránṣẹ́ gba mẹ́ta léra, ó parí sí méjìlá sí mẹ́wàá. Ẹ̀gbọ́n mi bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, ó bọ èmi náà lọ́wọ́, ó gbé pátákó rẹ̀ lé orí tábìlì mi, kò sì padà wá mọ́. Kó tó pé oṣù kan, àwọn tó kó jọ ti tú ká. Fún oṣù mẹ́wàá gbáko, ọ̀rọ̀ tí ń bẹ láàárín àwa méjèèjì ò ju ti ìyá wa lọ: ṣé wọ́n ti lo oògùn, ta ni yóò mú wọn lọ yẹ ojú wò. Èmi náà fajú ro. Mo ní ó yẹ kó gba ẹ̀bi rẹ̀ bí àgbà.

Lẹ́tà ẹgbẹ́ àpapọ̀ tó ń darí eré náà ló sọ ọ̀rọ̀ náà di pàjáwìrì. Wọ́n kọ ọ́ pé agbègbè tó bá ní ẹgbẹ́ mẹ́jọ yóò gba ìwé àṣẹ, yóò sì máa kọ́ àwọn rẹfirí àti olùkọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Èyí tí kò bá pé mẹ́jọ, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ agbègbè tó múlé tì í. Fún wa, ìyẹn ni pé gbogbo ìdíje yóò kúrò lọ́dọ̀ wa lọ síbi tí ọkọ̀ ń fi wákàtí mẹ́ta lọ. Àwọn tí orúnkún ń dùn kò ní í lọ. Eré náà á kú mọ́ wa lọ́wọ́. Alábẹ̀wò wọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, méje péré ni wá.

Alága wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó sórí àga onírin, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Mo bi í pé ṣé kí n máa bẹ̀bẹ̀ nítorí pé mo pa òfin mọ́ ni. Onísùúrù èèyàn ni. Ó wo bàtà rẹ̀ títí, ó dìde, ó lọ.

Alábẹ̀wò náà jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó gbé báàgì ńlá dání, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo eré mẹ́ta, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi Alága pé kí ló dé tí gbogbo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ń sá fún ìlà iwájú àwọ̀n bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná síbẹ̀. Alága ní òfin ni. Obìnrin náà gba pátákó, ó ní kí ẹnì kan ta bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún òun. Bọ́ọ̀lù balẹ̀, obìnrin náà wọ ilé ìdáná, ó gbá a. Kò tíì débi tó ń lọ tí ọgọ́ta èèyàn fi pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé ilé ìdáná, ilé ìdáná. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé à ń bá òun ṣeré. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́.

Ó lọ sídìí ògiri, ó ka ìwé mi, ó nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún un kà. Ó bèèrè ẹni tó kọ ọ́. Alága, kó ṣáà lè bò mí láṣìírí, ní ó jọ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló ṣe é. Ẹ̀rọ mi kì í ṣe àṣìṣe. Mo ní èmi ni mo kọ ọ́.

Ó ṣí ìwé òfin, ó tẹ́ ẹ síwájú mi, ó fi ìka sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ má dúró sínú ilé ìdáná gbá bọ́ọ̀lù tí kò tíì balẹ̀. Ohun tó wà nínú tèmi ni pé ẹ má dúró sínú ilé ìdáná gbá bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Gbólóhùn yẹn ló yọ sórí ìlà kejì lọ́jọ́ tí mo ń tẹ̀ ẹ́, ìlà kejì yẹn ló sì ti ìbuwọ́lùwé Alága bọ́ sójú ìwé kejì. Mo wò ó, mo rí ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó ṣeé yọ: tí, kò, tíì, balẹ̀. Mo yọ wọ́n. Ìwé náà jókòó dáadáa, inú mi sì dùn.

Obìnrin náà kò bínú. Ó ní ti ìwé, a lè tún un kọ, ṣùgbọ́n ti iye ẹgbẹ́, òun ò lè kọ mẹ́jọ síbi tí méje wà. Ọ̀sán ọjọ́ Ajé lòun yóò lọ. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ bọ́ọ̀lù kan tó balẹ̀ ní oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn ni mò ń wò. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sí ilé ìdáná ilé ìwòsàn. Wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò fa ìlà sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, àkọlé kan sì wà lókè rẹ̀ pé ẹni tí kò bá dé fìlà, kó má kọjá ìlà yìí. Èmi ni mo tẹ àkọlé yẹn fún wọn, ìlà kan péré. Nínú lọ́hùn-ún, obìnrin bí i mẹ́fà ń fọ àwo, wọ́n ń nu tírè, ìkòkò ńláńlá mẹ́ta ń hó lórí iná, ẹ̀gbọ́n mi sì ń fi síbí tó gùn tó apá rẹ̀ ro ọ̀kan. Ẹnì kan ní Ojú-Ìwé-Kan ti dé o. Mo fẹ́ gbé ẹsẹ̀.

"Dúró síbẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n mi wí láìyíjú. "O ò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa. Ó tọ́ sí mi. Fáànù tó ń fa èéfín ń pariwo, torí náà mo ní láti gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn gbọ́, bóyá ohun tó fẹ́ náà nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, òfin gbè yín. Bọ́ọ̀lù yín ti balẹ̀, ẹ sì láṣẹ láti wọlé gbá a. Èmi ni mo gé e kúrò nínú ìwé. Ẹ̀yin lẹ borí."

Ó de ìkòkò, ó nu ọwọ́, ó wá dúró síbi ìlà, lápá tirẹ̀.

"Ṣé o rò pé torí ife ìdíje ni mo ṣe lọ?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"Ìwé òfin wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ. Ojú ìwé kan péré ló yẹ kó o ṣí. Oṣù mẹ́wàá, o ò ṣí i. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ, ìgbà wo ni mo parọ́ fún ọ rí, tí ọ̀rọ̀ mi ò fi tó ohun tí wàá tìtorí ẹ̀ ṣí ìwé?"

 Mi ò lè ní iṣẹ́ pọ̀, mi ò lè ní mo gbàgbé. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi jọ̀ọ́, ó dùn mí, ẹkún sì gbọ̀n mí. Kì í tètè gbọ̀n mí. Ẹ̀gbọ́n mi fa fìlà kan yọ nínú páálí, ó nà án sí mi kọjá ìlà.

"Dé e. Àwo tó wà nílẹ̀ pọ̀."

Mo nu àwo títí iṣẹ́ fi parí. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹgbẹ́, mi ò sì bèèrè.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo tún òfin kọ. Ojú ìwé mẹ́ta ni. Mo lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn lọ́kọ̀ọ̀kan, Alága ń bá mi di etí rẹ̀ mú. Alábẹ̀wò ti jókòó ti báàgì rẹ̀, ó ń wo aago. Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ṣí. Mọ́kànlá ni wọ́n, gbogbo wọn ṣì dé fìlà iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ló ṣáájú. Kò kí mi. Ó lọ sídìí ògiri, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e, ó ka ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti òkè délẹ̀ bí gbogbo wa ṣe dúró. Ó bá àmì ohùn kan tí mo fi síbi tí kò yẹ, ó ní kí n fi bírò tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ló fi pátákó kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n lọ sí ọ̀hún, lódìkejì àwọ̀n.

Fèrè ni mo mọ̀ ọ́n fọn, mi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ó ní kí n ta á sílẹ̀ fún òun níwájú àwọ̀n. Àkọ́kọ́ há sínú àwọ̀n, ìkejì náà há síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ló kọjá, ó sì balẹ̀ nínú ilé ìdáná. Lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀gbọ́n mi ò sáré. Ó rìn wọ ibẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró, ó gbá a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kókósẹ̀ mi, ó sì gbé ojú sókè wò mí.

"Kí lo rí?"

"Ó balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Alábẹ̀wò fa méje rẹ́, ó kọ mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò tilẹ̀ yíjú wò ó. Ó ní kí n tún un ta.