Orúkọ Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn Kẹrin

Àkàsà gbígbóná ni mo gbé lọ fún Àbúdù lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn, mi ò gbé ìfura lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n so yìgì wa, ọkàn mi fúyẹ́ bí ìyẹ́ àdàbà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ọ̀gá rẹ̀, Bàbá Àlàbí, máa gbà á sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ tó ń kọ́. Láìsí ìyẹn, bàbá mi ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ yìgì rárá.

Abẹ́ igi máńgòrò kan nítòsí ọjà Adewui ni wọ́n ti ń ran awọ inú ọkọ̀. Ọkọ̀ Pijó dúdú kan ni wọ́n tú kalẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Mùsé kan ní dúwánì, ọ̀gá láàárín àwọn aṣọ́bodè, ló ni ín. Ó fẹ́ rédíò sínú rẹ̀, kí ohùn máa ti inú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde, níbi tí màdáámù rẹ̀ máa ń jókòó sí. Nígbà tí wọ́n ti máa tú u náà, ó ní kí wọ́n kúkú fi awọ pupa bo inú ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo fẹ́ràn láti máa wo Àbúdù bó bá ń yọ páálí inú ilẹ̀kùn. Kì í fipá fà á. Yóò kọ́kọ́ yọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí gíláàsì, yóò ki irin pẹlẹbẹ bọ abẹ́ etí páálí, yóò wá máa rọra tẹ̀ ẹ́ níbi tí ìkọ́ wà, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí páálí yóò fi tẹ̀lé e wá fúnra rẹ̀. Bí ó ṣe gba ọkàn lọ́wọ́ èmi náà nìyẹn.

Mo ti dé ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó mọ̀. Páálí kan dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀. Wọ́n ti fi pẹ́ńsù káfíńtà kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀: ÀYÀNDÁ.

"Bùọ̀dá Àbúdù, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó ta gìrì. Wàrà ló yí páálí náà padà.

"Ta ni Àyàndá?"

"Ẹn?"

"Orúkọ tí ẹ yí dé yìí."

"Àmì iṣẹ́ ni, Sàídá."

"Iṣẹ́ wo ló ń jẹ́ Àyàndá?"

"Gbé oúnjẹ wá jàre, ebi ń pa ọkọ ẹ." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

Mo fi abọ́ sílẹ̀, mo lọ. Àwọn sísítà ìjọ Àgùdà ló kọ́ mi ní ìwé kíkà kí bàbá mi tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rò ó pé ì bá dára ká ní mi ò mọ̀wé.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn ọkùnrin lọ kírun Jímọ̀, mo padà lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, abọ́ mi ni mo wá gbé. Páálí mẹ́ta fara ti ìdí máńgòrò, wọn ò fi wọ́n pamọ́ rárá. Mo yí àkọ́kọ́ padà: RÀBÍÁTÙ. Èkejì: ÈJÌDÉ. Ẹ̀kẹta: ÀSÍÁTÙ. Mo wá ìkẹrin títí, abẹ́ awọ pupa ni mo ti bá a. Òun nìkan ni wọ́n tọ́jú. Àyàndá mi àná ni.

Mo bú sẹ́kún. Obìnrin mẹ́rin! Ẹ̀sìn wa ò gbà ju mẹ́rin lọ, ibo wá ni yóò fi èmi sí?

"Ta ló ń sunkún sórí iṣẹ́ oníṣẹ́?"

Ìyá Àlàbí ni, ìyàwó kejì ọ̀gá, tó yọ láti inú ilé.

"Ìyá, Bùọ̀dá Àbúdù ti ní obìnrin mẹ́rin."

"Mẹ́rin? Àbúdù tí kò ní ju ṣòkòtò méjì lọ?"

"Orúkọ wọn nìyí. Ràbíátù. Èjìdé. Àsí..."

Ẹ̀rín kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ìyá Àlàbí jókòó sílẹ̀, ó ń fi gèlè nu ojú.

"Èmi ni Èjìdé."

"Ẹ̀yin?"

"Ṣé Ìyá Àlàbí ni bàbá mi sọ mí lórúkọ ni?"

Ojú tì mí. Láti ìgbà tí mo ti mọ agboolé yẹn, Ìyá Àdìgún, Ìyá Àlàbí àti Ìyá Bàṣírù ni mo gbọ́. Ta ló máa dá a láṣà láti pe ìyàwó ọ̀gá lórúkọ?

"Páálí wọ̀nyí jọra lójú," ni ó wí, "àmọ́ ihò ìkọ́ wọn ò bára mu. Bí o bá gbé tọ̀tún sí òsì, o ti bà á jẹ́. Ni Bàbá Àlàbí bá fi wá sọ wọ́n lórúkọ. Ìyálé mi ni ilẹ̀kùn awakọ̀, èmi ni ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyàwó kékeré wà lẹ́yìn awakọ̀. Gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi yìí sì ni òjò máa ń wọ̀ jù!"

"Ìkẹrin ńkọ́?"

"Màmá ni. Ìyá tó bí i, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Àwa ò kàwé, àmọ́ wọ́n ti sọ fún wa pé MÀMÁ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀."

Mo wo páálí tó wà lọ́wọ́ mi. Ìyá Àlàbí wo ojú mi, ẹ̀rín rẹ̀ sì kú.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Ìgbà yẹn gan-an ni àwọn ọkùnrin wọlé dé, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Ẹ kú àbọ̀, Bàbá Àlàbí. Ta ni ẹ kọ sí ilẹ̀kùn kẹrin?"

Èmi ni ọ̀gá wò, kò wo ìyàwó rẹ̀. "Màmá ni. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Àbúdù, kà á fún mi."

Àbúdù gba páálí náà. Ó fi ìka tọ lẹ́tà náà lọ, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́ọ́rọ́.

"Màmá ni, Ìyá."

Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Ó tutù, ó dùn létí. Mo mọ ohùn náà. Òun ló fi sọ fún mi létí òkun pé kò sí obìnrin mìíràn láyé òun.

"Sàídátù, ìwọ náà kà á."

Àbúdù rọra mi orí sí mi. Mo mọ ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún: ìgbàsílẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, yìgì wa sì wà nínú rẹ̀.

"Àyàndá," ni mo wí. "Àyàndá ni wọ́n kọ, Ìyá."

Ìyá Àlàbí kò pariwo. "O ṣé, ọmọ mi." Ó gba páálí lọ́wọ́ Àbúdù, ó gbé e wọlé lọ bá ìyálé rẹ̀. Ọ̀gá sáré tẹ̀lé e, ó ń ké, "Èjìdé! Èjìdé, dúró!" Mi ò gbọ́ ọ rí kó pè é bẹ́ẹ̀.

Àbúdù bá mi dé ojú ọ̀nà.

"O ti bà mí jẹ́, Sàídá. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni, kì í ṣe tèmi. Ṣé ọmọ iṣẹ́ ló máa tú àṣírí ọ̀gá ẹ̀?"

"Mo gbà pé kì í ṣe tìẹ."

Ó wò mí. Mi ò pè é ní ìwọ rí.

"Kí ló wá kù?"

"Ohùn tí o fi pe Àyàndá ní Màmá, òun náà lo fi ń sọ pé o fẹ́ràn mi. Fi òmíràn sọ ọ́, kí n gbọ́."

Ó la ẹnu. Mo dúró, mo dúró. Nígbà tó pa ẹnu dé, mo gbé abọ́ mi, mo gba ọ̀nà ilé wa ní Tokoin lọ.