Etí Bàbá Nínú Òkìtì Òwú

Bàbá mi sọ etí rẹ̀ nù sínú òwú. Mi ò purọ́. Ẹ̀rọ kékeré tí dókítà fi sí i létí kó lè máa gbọ́ràn, tí kò tóbi ju ẹ̀pà kan lọ, ló já bọ́ sínú òkìtì òwú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé, ní òwúrọ̀ tí mo fẹ́ tan ẹ̀rọ ńlá tó ń ya òwú kúrò lára kóró. Èmi ni mo ń darí ẹ̀rọ yẹn.

Ẹni tó bá mọ bàbá mi kò ní béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Òwú gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó wọ ẹ̀rọ, Bàbá kì í sì í gbà kí ẹlòmíì yẹ̀ ẹ́ wò. Á mú kóró kan, á fi eyín fọ́ ọ. Bó bá dún kàù, ó ti gbẹ. Látìgbà tí etí rẹ̀ ti di, kò gbọ́ kàù yẹn mọ́, àfi kó máa fi eyín mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n wá fún un ní ẹ̀rọ etí, ṣe ló di ọmọdé. Ó ń gun òkìtì, ó ń ki orí bọ inú òwú, ó ń fọ́ kóró kiri bí ọ̀kẹ́rẹ́. Àgbà tó bá ń ṣe bí ọ̀kẹ́rẹ́, nǹkan á bọ́ lára rẹ̀.

Irin wà nínú ẹ̀rọ etí náà. Bí irin bá kan àwọn ayùn inú ẹ̀rọ mi, iná á ta, òwú àti iná kì í sì í bára wọn ṣeré. Òwú gbogbo àdúgbò ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ń hun aṣọ lókè òkun ló ń retí rẹ̀, àwọn tó máa tún kó aṣọ náà padà wá tà fún wa bí ẹni pé a ò rí òwú rí. Bí tiwa bá jó, wọ́n á ra ti ẹlòmíì. Òwú pọ̀ láyé.

"Ó ti tán," ni àbúrò mi wí. Òun ló ni ọkọ̀ akẹ́rù tó máa gbé òwú lọ sí èbúté. "Ta ló máa rí i nínú gbogbo èyí?"

"Kí lo wí?" ni Bàbá bi í. Orúkọ tí àdúgbò fún un nìyẹn, Bàbá Kí-lo-wí.

Màmá ló pariwo. "Ó máa ń súfèé! Bí bàbá yín bá gbàgbé rẹ̀ sétí, tó wá fi orí lé ìrọ̀rí, ṣe ló máa ń súfèé, mi ò sì ní rí oorun sùn. Ohunkóhun tó bá ti bò ó mọ́lẹ̀, á súfèé. Ẹ dákẹ́, ẹ máa gbọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n wá, àmọ́ ta ló máa dákẹ́ nílé wa? Igbe tí Màmá ti ké mọ́ Bàbá kò kéré. Gbogbo àdúgbò ló mọ àṣírí wa. Ìgbà tí ẹ̀rọ etí dé ni Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí pé ó tún máa padà sídìí igbe.

Àbúrò mi pa ọkọ̀. À ń fi apá kó òwú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ó dúró, a ó tẹ́tí.

"Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?" ni Màmá wí.

"Màmá!"

"Mo kàn ń béèrè ni."

A tún kó, a tún tẹ́tí.

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí o."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ di ẹnu yín!"

Ó wò mí bíi pé mo gbá a létí, àmọ́ ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu. Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè. Ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ júwe.

"Kí ló tún dé?"

Kò fọhùn. Èmi ni mo ní kó má fọhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn tó ní ìròyìn lẹ́nu tí kò sọ ọ́. Mo lọ síbi tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kọjú sí, mo fi àyà tẹ òwú. Súúú! Ó dún tín-ín-rín bí ẹ̀fọn. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé èjìká, nígbà tí mo máa fà á yọ, etí Bàbá ti ń súfèé ní àtẹ́lẹwọ́ mi.

Mo mí kanlẹ̀. Mo jókòó sínú òwú, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Àbúrò mi ń jó. Bàbá gbọn òwú kúrò lára ẹ̀rọ náà, ó fi í sétí, ó sì fọ́ kóró kan.

"Ó ti gbẹ," ló wí. "Tan ẹ̀rọ."

Kò tilẹ̀ ní ẹ pẹ̀lẹ́.

Ariwo ẹ̀rọ mi kò ṣeé gbé sí etí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ràn, torí náà ó yọ ọ́ kí n tó tan án, ó gbé e fún Màmá. Màmá fi í sápò, ó fi ọwọ́ bo àpò náà. Ẹ̀rọ bú ramúramù. Màmá sọ nǹkan láti ẹnu ọ̀nà.

"Kí lẹ wí?" ni mo pariwo.

Ó tún un sọ.

"Kí lẹ wí?" ni àbúrò mi náà pariwo.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó fi ẹnu sún mọ́ etí wa, ó pariwo. "Ó ní oúnjẹ ti délẹ̀, kí ebi má pa yín kú síbẹ̀."

Mo pa ẹ̀rọ. Mo tọ́ka sí àpò Màmá, mo tún tọ́ka sí etí Bàbá, pé báwo ló ṣe gbọ́.

"Ẹnu ìyá yín ni mò ń wò," ni Bàbá wí. "Látọjọ́ tó ti pẹ́. Kò sóhun tó sọ tí mi ò mọ̀."

Màmá la ẹnu sílẹ̀. "Gbogbo ọdún tí mo fi ń pariwo?"

Bàbá yára kọjú sí ògiri.

"Kí lo wí?"