Aago Tí A Fi Ọwọ́ Àbúrò Mi Dán Wò

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó jẹ̀bi, èmi ni, ẹ má wá a lọ jìnnà. Àbúrò mi obìnrin tí a ń pè ní Apọ́nbéporẹ́ ló ra aago ọwọ́ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, torí dókítà ti ní ká máa ṣọ́ ọkàn Màámi. Bó bá ti lé ní ọgọ́fà nígbà tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, ká gbé wọn wá kíákíá.

Aránṣọ ni mí, n kì í gé aṣọ láìwọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ká kọ́kọ́ dán aago náà wò. Apọ́nbéporẹ́ so ó mọ́wọ́, mo fi ìka tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kejì, mo ń wo aago ògiri. Mo ka mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Aago náà ka mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Inú mi dùn. A bọ́ ọ, a so ó mọ́ Màámi lọ́wọ́, Màámi tí wọ́n dúdú bí kóró iṣin, kò sì sẹ́ni tó tún fọwọ́ ka tiwọn. Aránṣọ wo ló ń wọn ọmọ, tó wá ń gé aṣọ ìyá?

Lọ́jọ́ Ajé, Màámi ní àyà àwọn ń já. Mo wo aago: méjìlélọ́gọ́rin. Mo ní kí wọ́n lọ sinmi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n tún sọ ọ́. Aago ò yí ohùn padà. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé wọ́n kàn fẹ́ kí n pa iṣẹ́ tì kí n wá gbé wọn jó ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lọ́jọ́rú, wọn ò sọ nǹkan kan, ọkàn mi sì balẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, mo bá wọn lẹ́bàá ẹ̀rọ ìránṣọ mi, wọ́n di etí tábìlì mú, òógùn bò wọ́n níwájú orí. Aago ní méjìlélọ́gọ́rin. Mo fi ìka tẹ ọrùn ọwọ́ wọn. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, mo ti ka ogóje.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bọ́ aago náà sílẹ̀. Ó ní iná tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló fi ń wá ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ awọ, pé òmíràn nínú irú aago bẹ́ẹ̀ kì í ríran dáadáa bí awọ bá dúdú gan-an. Ó bi mí bóyá a dán an wò lára Màámi fúnra wọn. Mo ní ọwọ́ àbúrò mi la fi dán an wò. Ló bá bi Màámi pé ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní láti ọjọ́ Ajé, pé àwọn sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ò wá sọ ọ́ mọ́ lánàá.

“Ẹ wá dákẹ́ lánàá, Màmá?” nọ́ọ̀sì bi wọ́n.

Màámi wò mí. Wọn ò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. “Aago ti sọ̀rọ̀, ọmọ mi sì ti gbà á gbọ́. Mo rò pé èmi ni mò ń tan ara mi.”

Wọ́n fún wọn lóògùn, wọ́n ní ká dúró ná. Màámi na ọwọ́ sí mi lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Ìwọ ni kó o kà á.”

Mo ń kà á. Ó ṣì ń sáré, mi ò sì gbé ìka mi kúrò.