Yàrá Mẹ́ta Tí Ìjọba Ò Mọ̀

Bíríkìlà ni mí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka yàrá. Nígbà tí èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi kó wọ ilé yìí, pálọ̀ kan àti yàrá kan péré ló ní. Bí a bá ti bí ọmọ, tí ọmọ náà sì ti ń rìn, màá kọ́ yàrá kan mọ́ ọn lẹ́yìn. Búlọ́ọ̀kù tó bá ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi ni mo fi ń kọ́ ọ, torí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, ìdí pẹpẹ ni yóò ti jẹun. Ọmọ mẹ́ta, yàrá mẹ́ta. Mi ò mú púláànù kankan lọ sí ọ́fíìsì kankan. Ta ló ń gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kó tó bímọ?

Àwọn ọmọ náà ti lọ báyìí. Àkọ́bí mi ń wa ẹ̀rọ tó ń gbẹ́rù ní èbúté kan tó jìnnà, èkejì jẹ́ nọ́ọ̀sì, àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin sì ń kọ́ni níléèwé ní ìlú ọkọ rẹ̀. Ọmọ méjì ló bí, inú fóònù nìkan ni mo ti mọ ojú wọn. Ọdún kẹrin rèé tí ìyá wọn kú. Wọ́n wá sin ín, ọjọ́ kẹrin ni wọ́n padà, láti ìgbà náà ló ti di "Àyè ò gbà wá, Bàbá." Wọ́n máa ń pè mí o, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n pín in láàárín ara wọn ni, ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ kan. Lẹ́yìn ìpè, ilé á tún dá páropáro. Ó tó ìgbà tí mo ń bá ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò jà, kí n ṣáà lè gbọ́ ohùn ara mi.

Oṣù méjì sẹ́yìn ni ìkéde jáde pé onílé tó bá ti kọ́ nǹkan mọ́ ilé rẹ̀ láìsọ fún ọ́fíìsì owó orí ilé, kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kí oṣù tó parí. Ẹni tó bá wá fúnra rẹ̀, wọn ò ní bá a wí. Mo lọ. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì gígùn kan títí wọ́n fi pe nọ́ńbà mi. Obìnrin kan tó ti ìgò ojú rẹ̀ sókè síwájú orí ló dá mi lóhùn. Ó gbé fọ́ọ̀mù mẹ́ta síwájú mi.

"Bàbá, báwo ni yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó?"

"Búlọ́ọ̀kù méje ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn."

"Mítà ni mò ń bèèrè, Bàbá."

"Ìwọ ṣáà kọ búlọ́ọ̀kù méje. Ẹni tó bá mọ ilé kọ́ á mọ̀ ọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á kúkú wá wọ̀n ọ́n fúnra òun, ọ̀sẹ̀ méjì sí ọjọ́ náà. Ó wá bi mí pé ta ló ń lo àwọn yàrá náà. Mo ní àwọn ọmọ mi ni.

"Ó dáa. Ẹni tó ń lò ó ló máa fọwọ́ sí ibí yìí níwájú mi lọ́jọ́ tí mo bá wá. Bí kò bá sì sẹ́ni tó ń lò ó, ẹ kọ 'òfìfo' síbẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i fúnra yín. Ó tán."

Apá àkọ́kọ́ nìkan ló wọ̀ mí létí. Ara mi yá gágá bí mo ṣe ń rìn lọ sílé. Ohun tí ẹ̀bẹ̀ ò lè ṣe láti ọdún mẹ́rin, ìwé ìjọba máa ṣe é lọ́sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ọmọ mi. Bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí, wọ́n á ní kí n kọ òfìfo. Ni mo bá fi iyọ̀ sí i. Mo pe àkọ́bí mi, mo ní bí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá wá fọwọ́ sí i, ìjọba máa wó àwọn yàrá yẹn.

"Wọ́n máa wó o, Bàbá?"

"Kanlẹ̀."

"Ẹ má dààmú. Màá bá àwọn àbúrò mi sọ̀rọ̀."

Ohun tí mo gbọ́ nínú "ẹ má dààmú" yẹn ni pé wọ́n ń bọ̀. Mo kó àpò símẹ́ńtì àti irinṣẹ́ mi kúrò nínú àwọn yàrá náà. Mo gbá wọn, mo pààrọ̀ gílóòbù, mo fi òróró sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn tó ń han, mo fọ aṣọ ibùsùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sá wọn síta. Télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì rí mi.

"Bàbá, ṣé ìyàwó tuntun ń bọ̀ ni?"

"Ìyàwó wo? Àwọn onílé ló ń bọ̀."

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé irọ́ ni mo fi ń pè wọ́n.

Nígbà tó di ọjọ́ tí à ń wí, mo ti jókòó síwájú ilé kí oòrùn tó yọ dáadáa. Ọkọ̀ tó bá ti rọra, màá dìde. Nígbà tó yá, ọlọ́kadà kan dúró, ó fún mi ní àpò ìwé, ó ní kí n fọwọ́ sí i pé mo gbà á. Ìkọ̀wé àkọ́bí mi ló wà lára rẹ̀.

"Bàbá wa, a kí yín. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jíròrò lórí ọ̀rọ̀ yìí. A ò fẹ́ kí ìjọba máa yọ yín lẹ́nu lọ́jọ́ ogbó nítorí tiwa. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé ilé téèyàn ò bá gbé mọ́, ká tètè wó o kó tó wó lu èèyàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wó o. A ti fọwọ́ sí i."

Lóòótọ́, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nísàlẹ̀ ìwé, wọ́n tò tẹ̀ léra wọn, láti orí ẹ̀gbọ́n dórí àbúrò. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mí wọ akínyẹmí ara. Mo mọ inú bí, ẹ bi àwọn tó bá mi ṣiṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tí màá bínú sí. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ẹ̀kọ́ mi ni wọ́n tẹ̀ lé. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà.

Obìnrin ọ́fíìsì dé pẹ̀lú téèpù rẹ̀. Ó wọn yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó ní kí àwọn tó ń lò ó wá fọwọ́ sí i, mi ò mọ ohun tí mo lè gbé fún un, ni mo bá gbé lẹ́tà náà fún un. Ó kà á tán, ó wò mí.

"Bàbá, ta ló sọ fún wọn pé a máa wó nǹkan? Àwa ò kì í wólé. A kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

"Èmi ni."

Ó wo ibùsùn tí mo tẹ́, ó wo ilẹ̀ tí mo gbá. Ó ká lẹ́tà náà, ó dá a padà fún mi.

"Ṣé kí n kọ òfìfo?"

"Kọ ọ́."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọwọ́ sí i. Ó kí mi pé ẹ ṣeun, Bàbá, ó lọ.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yìí, lọ́sàn-án, àbígbẹ̀yìn mi pè. Ọjọ́ Àìkú tirẹ̀ kò tíì pé.

"Bàbá, ṣé wọ́n ti wó o?"

"Kí ló dé?"

"Ọkàn mi ò balẹ̀ láti ọjọ́ yẹn ni. Ẹ̀gbọ́n wa ló ní ká má dà yín láàmú. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ nípa fèrèsé yàrá mi, tẹ́ ẹ gbé sísàlẹ̀ kí n lè máa rí ìta láti orí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti fẹ́ kó wọn wá sọ́dọ̀ yín nígbà ìsinmi. Ní báyìí, ibo la máa sùn? A ò ní wá mọ́, Bàbá. A ò fẹ́ kó wàhálà bá yín."

Mo na àwọn ọmọ yìí nítorí irọ́ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, òun gan-an ni mo nà jù. Mo tilẹ̀ rò ó pé kí n sọ pé mo ti tún un kọ́, bíríkìlà ṣáà ni mí. Irọ́ kejì á bo ti àkọ́kọ́, wọ́n á wá, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì mí.

"Wọn ò wó o," mo ní.

"Ẹ ní kí ni?"

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ wó o tẹ́lẹ̀. Mo purọ́ fún yín ni, kẹ́ ẹ lè wá. Àárò yín ló ń sọ mí."

Mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí nínú ilé yìí. Ìyá wọn pàápàá ò gbọ́ ọ lẹ́nu mi títí tó fi kú. Ohùn ọmọ náà yí padà.

"Mo fọwọ́ sí i pé kí wọ́n wó yàrá mi, Bàbá. Mo sunkún ní gbogbo ọjọ́ yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀."

Òótọ́ ló sọ, mi ò mọ̀.

"Ẹ jẹ́ n pè yín padà," ó ní.

Òní ti di Ọjọ́bọ̀, ìsinmi àwọn ọmọ sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Fóònù wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ti yí ohùn rẹ̀ sókè dé òpin. Ó ń ṣe mí bíi kí n pè é, mi ò sì ní pè é. Mo ti fi irọ́ pè é lẹ́ẹ̀kan. Bó bá máa wá báyìí, kó jẹ́ pé òun ló fẹ́ wá.