Wọ́n Ti Le Jù

Mo máa ń fura. Àwọn kan ń pè é ní àìsàn, èmi ń pè é ní ọgbọ́n. Páńsá ò fura, páńsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn. Èmi kì í ṣe páńsá, èmi kì í sì í ṣe àjà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé, mo sì máa ń mọ ọmọ tó ti gba búrẹ́dì tẹ́lẹ̀ tó tún tò padà sórí ìlà. Ojú tó ti rí irú ìyẹn kì í ṣe ojú tí ìyàwó ilé kan máa fi ìka bọ̀.

Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ni mò ń gbé láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Atúnagogoṣe ni ọmọ mi. Orí tábìlì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní báyìí ó ti gba pálọ̀ tán: agogo ògiri, agogo ọwọ́, àti àwọn ìṣó kéékèèké tí èèyàn ò gbọdọ̀ fi ìgbálẹ̀ kàn. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta jígí ojú. Wọn ò tíì bímọ. Èmi ni mo ni yàrá tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀, èmi náà ni mo sì ni ilé ìdáná nígbàkígbà tí ìsinmi ọdún bá ń bọ̀.

Nítorí bisikíìtì atalẹ̀ ni. Bisikíìtì tèmi kì í le. Ẹni tí kò léyín ń jẹ ẹ́, ẹni tó léyín ń jẹ mẹ́fà. Bọ́tà, ìyẹ̀fun, ṣúgà pupa, omi ṣúgà dúdú tó ki bí oyin, ẹyin, atalẹ̀ gbígbẹ tí mo lọ̀ fúnra mi àti atalẹ̀ tútù tí mo rin. Màá pò ó, màá gbé e sínú fìríìjì kó sinmi, lẹ́yìn náà ni màá wá ká a róbótó róbótó bí ẹyin ẹyẹlé. Tó bá jáde nínú ààrò, tó sì tutù, màá fi áísìn funfun bò ó lórí: ṣúgà lẹ́búlẹ́bú àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í wọlé tí mo bá ń wọn nǹkan. Ẹ lè pè mí ní ahun. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo èèyàn bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ìyá arúgbó ṣe?

Lọ́dún yìí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi ń dùn mí, n ò sì tètè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìsinmi ni mo rí i pé ṣúgà pupa tí mo fi sílẹ̀ dé ẹnu ìgò ti wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì. Lọ́jọ́ kejì, páànù pẹlẹbẹ tí mo máa ń kọ́ mọ́ ògiri, tí ojú rẹ̀ máa ń kọ síta, mo bá a tó kẹ̀yìn sí mi. Lọ́jọ́ kẹta, mo ti ibi tí mo ti lọ ra oògùn ọwọ́ dé, mo bá fèrèsé ilé ìdáná ní ṣíṣí gbayawu nínú òtútù tó ń gé èèyàn létí. Ta ní ń ṣí fèrèsé nínú òtútù, bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ kí òórùn nǹkan kan tètè jáde?

Mo wo ìyàwó. Ó rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ọwọ́ yín ńkọ́?"

"Ó wà lára mi."

Ẹ̀rín yẹn pọ̀ jù. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan kì í rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo bá ọmọ mi nínú yàrá mi. Téèpù ìwọnlẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wọn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé.

"Kí lò ń wọ̀n?"

"Há, Màmá! Pẹpẹ ni. Mo fẹ́ kan pẹpẹ fún yín."

"Mo ní mo fẹ́ pẹpẹ?"

"Ẹ máa fẹ́ràn rẹ̀ tí ẹ bá rí i."

Láti kékeré ni ọmọ yìí kò ti mọ irọ́ pa. Etí rẹ̀ máa ń pọ́n ni. Etí rẹ̀ pọ́n. Ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ tí mo bí. Kò lè dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rò. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ìyàwó rẹ̀ ló rán an.

Láàárọ̀ Sátidé, mo ń bọ̀ láti ilé ìwẹ̀, mo gbọ́ ohùn ìyàwó nínú yàrá kékeré tí a ń sá aṣọ sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, aránṣọ kan tó ń gbé lójú pópó kejì. Mo dúró. Kì í ṣe pé mò ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ o. Bàtà mi ló fẹ́ bọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti le jù," ó ní. "Mo ti ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀, wọn ò rọ̀. Mo rò pé tó bá pẹ́ díẹ̀ wọ́n á rọ̀, àfi bí wọ́n ṣe tún ń le sí i." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Rárá o, ọkọ mi ò mọ̀. Lọ́la tí a bá ti jẹun ọ̀sán tán ni màá kó wọn wá sí ẹ̀yìnkùlé yín. Tí àlejò ọdún bá bá wọn nílé yìí, ìtìjú ló máa jẹ́ fún mi." Ó tún dákẹ́, ó wá rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà ti rò ó dáadáa. Ẹ da omi gbígbóná lé wọn lórí, kíá ni wọ́n á rọ̀."

Mo di ògiri mú.

Wọ́n. Nínú ilé yìí, ta ni ìyàwó ń pè ní "wọ́n"? Tó bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, "ó" ni. Ológbò wa, "ó" ni. Èmi nìkan ni mò ń jẹ́ "wọ́n". Èmi ni mo ti le jù, èmi ni n ò rọ̀, èmi ni àlejò ò gbọdọ̀ bá nílé. Ẹ̀yìnkùlé! Ẹ̀yìnkùlé aránṣọ, níbi tó ń sin adìyẹ sí. Omi gbígbóná wá ńkọ́? Lórí èmi tí mo wẹ ọkọ rẹ̀ nígbà tí ìwọ́ rẹ̀ ò tíì já!

Gbogbo ọjọ́ yẹn, n ò jẹ́ kó rí ẹ̀yìn mi. Mo ti ara mi mọ́ ilé ìdáná láti po bisikíìtì tèmi, mo fi àga ti ilẹ̀kùn. Ó kanlẹ̀kùn.

"Màmá, ṣé kí n wá bá yín pò ó, nítorí ọwọ́ yín?"

"Rárá."

"Ṣé kí n gbé omi kaná fún yín?"

"Má gbé omi kankan kaná!"

Mo gbọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ kó tó lọ. Mo wọn atalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí n ò rántí bóyá mo ti wọ̀n ọ́n. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tó bá ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí gbogbo ilé tó ní kò ju yàrá kan lọ nínú ilé ọmọ rẹ̀, kò sí ibòmíràn tó máa sá sí ju ọ̀dọ̀ ọmọ mìíràn lọ, ọmọ mi obìnrin sì ń gbé ní ibi tó gba odindi ọjọ́ kan nínú ọkọ̀ ojú irin. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti pinnu. Kí wọ́n tó lé mi, màá ti fi ẹnu ara mi sọ pé mò ń lọ.

Nígbà oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo ti àwo mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo ti gbọ́ ohun gbogbo," mo ní. "Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ara rẹ̀ ní wàhálà. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ni mò ń lọ gbé."

Mo mọ bó ṣe yẹ kó rí. Ọmọ mi máa ju ṣíbí sílẹ̀. Ó máa ní, "Màmá, ẹ lọ síbo? Lójú èmi?" Màá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó máa tún bẹ̀ mí, màá gbà tìkọ̀ tìkọ̀, ìyàwó á sì mọ̀ pé ìyá ọkọ òun kì í ṣe ẹrù tí èèyàn ń gbé lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ọmọ mi ò ju ṣíbí sílẹ̀. Ó gbé oúnjẹ ẹnu rẹ̀ mì.

"Ọjọ́ wo, Màmá?" ó ní.

Bó ṣe ń bi oníbàárà nìyẹn, tí onítọ̀hún bá ní òun ń bọ̀ wá gba agogo òun.

Ìyàwó ló ju ṣíbí sílẹ̀. "Màmá! Kí ni mo ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe yín?"

Mo kọjú sí i nítorí n ò lè wo ọmọ mi. Mo tú gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀: wọ́n ti le jù, wọn ò rọ̀, ẹ̀yìnkùlé, omi gbígbóná. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ń yí padà. Ó gbá ẹnu mú. Ó dìde, ó sáré wọ yàrá tí a ń sá aṣọ sí, ó gbé agolo ńlá kan tó fi aṣọ bò jáde, ó ṣí i síwájú mi.

Bisikíìtì atalẹ̀ ni. Ó kún dé ẹnu, áísìn funfun wà lórí gbogbo wọn.

"Àwọn tí mo ń pè ní 'wọ́n' nìyí, Màmá! Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe kí ọwọ́ yín lè sinmi lọ́dún yìí, ẹ ò sì gbà kí n dúró tì yín. Mo ń yan án tí ẹ bá jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yan án, òkúta ló ń jáde. Adìyẹ ẹ̀gbọ́n mi ni mo fẹ́ kó wọn fún, ó ní òun á da omi gbígbóná lé wọn kí adìyẹ lè rí wọn jẹ." Omijé ń dà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì ti fẹ́ máa yọ. "Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ọ̀rọ̀ mi ṣe lójoojúmọ́! Ẹnì kan ṣoṣo lẹ jẹ́, ṣé mo lè ní mo fẹ́ kó yín? Mú ni wọ́n ń mú èèyàn kan. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi!"

Òótọ́ ni. Kó ni mo gbọ́, kó ló sọ, ìfura ò sì jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí etí mi gbọ́. Ojú tì mí, mo bá mú bisikíìtì kan, mo kàn án mọ́ tábìlì. Ó dún kó.

"Ìṣẹ́jú mélòó ló lò nínú ààrò?" mo bi í.

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! O fẹ́ fi kọ́lé ni? Mẹ́sàn-án ni. Kí àárín rẹ̀ ṣì rí bíi pé kò tíì jinná ni wàá ti yọ ọ́, orí páànù ni yóò ti parí ara rẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín ju àwa méjèèjì lọ, ó ń lu tábìlì, ó ń wí pé, "Bisikíìtì! Ẹ gbà mí o, bisikíìtì lásán!" Mo wò ó. Etí rẹ̀ pọ́n.

Mo dúró kó sọ pé kí n má lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, kò ní pa á lára. Ó ní kí ìyàwó bu ẹran kan sí i fún òun. Mo rántí téèpù yẹn nínú yàrá mi, mo sì rántí bí pálọ̀ ṣe kún. Àyè fún agogo rẹ̀ ló ń wọ̀n, kò sì sẹ́ni tó rán an.

Mo ní kí ìyàwó wá bá mi parí bisikíìtì tèmi. A jọ wọ ilé ìdáná, n ò fi àga ti ilẹ̀kùn. Mo ká a, ó tò ó sórí páànù. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án pé, òun fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́, ó fi ìka kan àárín ọ̀kan, ó sì rọ̀. Ó yẹ kínú rẹ̀ dùn. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fọ àwọn abọ́ títí tí bisikíìtì fi tutù. Ó ń da áísìn sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ ju tèmi lọ. A ń gbọ́ tí ọmọ mi ń yí kọ́kọ́rọ́ agogo kan ní pálọ̀, tó sì ń súfèé.

"Màmá," ó ní, kò gbójú sókè, "mo gbọ́ ohun tó bi yín."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Mo gbọ́ ọ. Màá bá a sọ ọ́ tó bá yá, kì í ṣe lónìí." Ó gbé ike áísìn sílẹ̀, ó wá wò mí. "Ẹ ò lọ síbì kankan. Ẹ gbọ́? Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ọmọ tí mo bí ló bi mí ní ọjọ́ tí mo máa lọ. Ọmọ ẹlòmíràn, tí mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ ṣọ́ bí olè, ló ní n ò lọ síbì kankan. Mo fẹ́ dá a lóhùn, ẹkún ló jáde. N ò yíjú padà, mo jẹ́ kó rí i. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn kí ọkọ rẹ̀ má baà gbọ́, ó sì dúró tì mí.