Ọmọ Tí Ìyàwó Bá Nílé

1.

…orúkọ tó wà nínú ìwé tí ọkọ yín fi ránṣẹ́ kò bá ti inú pásípọ́ọ̀tù yín mu. A kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹnì kan náà ni. Ẹ mú ìwé ìbúra wá láti ọ̀dọ̀ àgbà kan nínú ẹbí tó mọ̀ yín láti kékeré, kí oṣù yìí tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó pa fáìlì yín dé.


2.

Ìwé yìgì, mọ́ṣáláṣí àdúgbò, Ìsẹ́yìn: MỌ́RÌNỌ́LÁ, ỌMỌ LÁDÒKUN.

Pásípọ́ọ̀tù: EYÍNFÚNJOWÓ LÁDÒKUN.

Fọ́tò méjèèjì: ojú kan náà.


3.

Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ọkọ tiẹ̀ kò sí ní Kánádà ni.


4. (Wasáàpù)

SAMSUDEEN: Ta ló ń jẹ́ Eyínfúnjowó?

MỌ́RÌNỌ́LÁ: Èmi ni.

SAMSUDEEN: Láti ìgbà wo?

MỌ́RÌNỌ́LÁ: Láti ilé ìwé. Mo rò pé ẹ mọ̀ ni.

SAMSUDEEN: Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀? Orúkọ tí bàbá rẹ fẹnu ara wọn pè níbi yìgì wa ni mo kọ fún wọn.

SAMSUDEEN ń tẹ ọ̀rọ̀…

SAMSUDEEN ń tẹ ọ̀rọ̀…

SAMSUDEEN: Jọ̀ọ́, wá nǹkan ṣe sí i. Ó ti sú mi kí n máa dá jẹun níbí. Bí wọ́n bá pa fáìlì yẹn dé, Ọlọ́run nìkan ló mọ ìgbà tí wọ́n á tún ṣí i.


5.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé.

Mọ́rìnọ́lá ti ń rìn, ó ti ń sáré kiri ilé, kí Ládòkun bàbá rẹ̀, ẹni tó ń hun aṣọ òkè, tó lọ fẹ́ Àwáwù wá láti Àgọ́-Àrẹ. Ìyá tó bí ọmọ ti kú. Ẹ sì mọ àṣà wa: ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ. Ọmọ náà ìbáà máa rá kòrò, ọkọ ìyàwó ni, ó dé ilé ṣáájú rẹ̀. Ìyàwó á wá orúkọ dídùn kan fún un, òun ni á sì máa fi pè é títí láé. Àwáwù wo ẹnu ọmọ náà, ó ní Eyínfúnjowó. Bó bá fẹ́ kẹ́ ẹ, á ní, "Ọkọ mi."

Òun ló mú un lọ sílé ìwé. Tíṣà bi í pé kí ni wọ́n ń pe ọmọ yìí. Háà! Kí ni kó wí? Kó la ẹnu gbàgà, kó pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ níwájú àjèjì, kí ayé lè sọ pé kò gba ẹ̀kọ́ ilé wá láti Àgọ́-Àrẹ? Ó sọ èyí tó lè sọ. Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀. Eyín iwájú ọmọ náà méjèèjì sì ti ká lásìkò yẹn!

Nígbà tí Ládòkun gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé irọ́ ló pa ni? Ẹ jẹ́ kí eyín hù ná." Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ náà ṣe bá ọmọ jáde ìwé mẹ́fà, ó bá a jáde ìwé mẹ́wàá, ó sì bá a wọ inú pásípọ́ọ̀tù.


6. Àwọn tó lè búra

Ládòkun: ó ti kú.

Ìyá tó bí i: ó ti kú.

Àbúrò Ládòkun tó wà ní Kíṣí: ó wà láàyè, àmọ́ kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́.

Àwáwù:


7. (Ara ògiri kọ́ọ̀tù)

ÌKÍLỌ̀. ẸNI TÍ KÒ BÁ MỌ̀WÉ KÀ GBỌ́DỌ̀ FI ẸNU ARA RẸ̀ SỌ OHUN TÓ Ń BÚRA SÍ. A KÌ Í BÁ ÈÈYÀN SỌ Ọ́. Ẹ MÁ DÚRÓ SẸ́NU Ọ̀NÀ.


8. (Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Ládòkun)

MỌ́RÌNỌ́LÁ: Ìyá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré ni.

ÀWÁWÙ: Ọkọ mi, mi ò pè é lójú bàbá rẹ. Ṣé ẹ̀yìn wọn ni kí n wá máa pè é?

MỌ́RÌNỌ́LÁ: Bàbá ò ní bínú.

ÀWÁWÙ: Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?

MỌ́RÌNỌ́LÁ: Samsudeen ń dúró dè mí, Ìyá.

ÀWÁWÙ: Mo mọ̀.

MỌ́RÌNỌ́LÁ: Kí ló wá dé?

ÀWÁWÙ: Mi ò bí ọ. Orúkọ tí mo sọ ọ́ ni mo fi bí ọ. Bí mo bá pè ọ́ bí gbogbo ayé ṣe ń pè ọ́, kí ló wá kù tó o jẹ́ fún mi?


9.

Inú bí Mọ́rìnọ́lá. Ojú sì tì í pé inú bí i.


10. (Kọ́ọ̀tù, Ìsẹ́yìn)

AKỌ̀WÉ: Ìyá, orúkọ wo ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù?

ÀWÁWÙ: Eyínfúnjowó.

AKỌ̀WÉ: Orúkọ wo ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́?

ÀWÁWÙ: . . . . . . . . .

AKỌ̀WÉ: Ìyá?

ÀWÁWÙ: Ó wà níwájú rẹ níbẹ̀. Ṣebí o mọ̀wé. Kà á.

AKỌ̀WÉ: Ẹnu yín ló gbọ́dọ̀ ti jáde, Ìyá. Èmi kọ́ ni mo ṣòfin.

MỌ́RÌNỌ́LÁ: Ẹ fi sílẹ̀, Ìyá. Ẹ dìde ká máa lọ sílé.


11.

Àwáwù dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé kọ́ ló gbà. Ó kọjú sí Mọ́rìnọ́lá, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tòun ti orókún tó ń dùn ún. Ó ní, "Ọkọ mi, má bínú sí mi." Ó wá pè é.

Mọ́rìnọ́lá.

Bàbá rẹ̀ ti pè é bẹ́ẹ̀ rí, ọkọ rẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀, kò sì dùn ún rí. Lẹ́nu obìnrin yìí, àfi bí ìgbà tí wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé. Ló bá bú sẹ́kún. Akọ̀wé rò pé ẹkún ayọ̀ ni, ó bá lu òǹtẹ̀.


12.

Ìwé ìbúra yín ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. A ń yẹ̀ ẹ́ wò. A ó kàn sí yín.


13. (Wasáàpù)

SAMSUDEEN: Alhamdulillahi! Bá mi kí Ìyá gan-an o. Ṣé inú rẹ dùn?

Mọ́rìnọ́lá ti kà á.


14.

Nírọ̀lẹ́, Àwáwù gún iyán. Ó bu ti Mọ́rìnọ́lá sínú àwo, ó gbé e wá. Mọ́rìnọ́lá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó gbọ́ bó ṣe mí kanlẹ̀, bó ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀, tó tún pa ẹnu dé.

Lẹ́yìn náà, ó kan ilẹ̀kùn bí àlejò.

Mọ́rìnọ́lá kò dìde. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń dúró kí ó pe òun.