Ọkọ Mi Dúró Sójú Kan Nínú Fóònù Tuntun

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Mo gbé fóònù tuntun náà lé orí itan, mo wá fọ́tò Buntek jáde, mo tẹ ìka mọ́ ọn bí mo ṣe ń ṣe láràárọ̀. Kò mira. Mo tún un tẹ̀. Mo nu ìka sára aṣọ, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà kàn ń wò mí bí ère.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà rò pé orí mi ti ń yí. Buntek ni ọkọ mi, ó ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè. Nígbà tó wà láyé, mo ya fọ́tò rẹ̀ kan lẹ́yìn ilé wa, níbi adágún ẹja, òun ti fìlà rẹ̀, àwọ̀n ní èjìká. Fóònù tí mo fi yà á, Sinru ọmọ ọmọ mi ló lò ó kó tó fún mi, irú èyí tó ní àwòrán èso tí wọ́n gé jẹ lẹ́yìn. Irú fóònù yẹn, bí o bá ya ènìyàn, ó máa ń jí díẹ̀ mú nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn. Bí o bá wá tẹ ìka mọ́ fọ́tò náà pẹ́ díẹ̀, ẹni inú rẹ̀ á mira. Kì í pẹ́. Kí o tó gbé itọ́ mì, ó ti parí. Atẹ́gùn á gbé kọ́là Buntek, á yí orí sọ́dọ̀ mi, ó tán.

Mo ní fọ́tò rẹ̀ mìíràn. Èyí tó wà lórí pẹpẹ àwọn bàbá ńlá wa, ayàwòrán ló wọ kóòtù sí i lọ́rùn, kóòtù tí Buntek kò ní rí láyé rẹ̀. Òun náà kì í mira. Ẹyọ kan péré ló ń mira, òun sì ni mo fi ń jí.

Ìkánjú ló fa gbogbo rẹ̀. Ikùn bátìrì fóònù àtijọ́ yẹn wú títí ojú rẹ̀ fi gbéra sókè. Sinru wá láti Kaohsiung níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó rí i, ó ní, "Màmá, bọ́ǹbù lẹ ń gbé sábẹ́ ìrọ̀rí yìí o." Ó ní òun á ra òmíràn fún mi tí òun bá tún dé. Mo ní rárá. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹfà nínú kàlẹ́ńdà òṣùpá tiwa la wà, ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, oṣù keje ti wọlé, ilẹ̀kùn àwọn òkú ti ṣí, wọ́n á máa rìn káyé. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í gbéyàwó lóṣù náà, a kì í kó lọ sílé tuntun, a kì í ra ọkọ̀.

"Màmá, fóònù ni, kì í ṣe ìyàwó," Sinru wí.

"Bó bá jẹ́ òní, òní. Bí kò bá jẹ́ òní, ó di oṣù kẹjọ."

Bá a ṣe sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù Kokhui tó ń ta fóònù ní ìlú Putai nìyẹn, ọkùnrin náà ti ń fa ilẹ̀kùn rẹ̀ wálẹ̀. Fóònù tuntun tí a rà kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ti àtijọ́. Èyí kò gbọ́ ohun tí ìyẹn ń sọ. Kokhui ní ohun kan tó ń ṣe ògbufọ̀ láàárín wọn, ó tẹ́ àwọn méjèèjì síra lórí káńtà, òrùka kan ń yí lójú wọn, ó ń yí ṣáá, a dúró tì í bí ẹni tó ń retí kí adìẹ yé. Nígbà tó yá, ó ní ó ti parí. Sinru wò ó fìrí, ó ní fọ́tò pé. Òótọ́ ni, wọ́n pé. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fìka tẹ ọ̀kankan nínú wọn. Èmi gan-an, ẹsẹ̀ ti ń ro mí, ilé ló ń ṣe mí. A fi fóònù àtijọ́ sílẹ̀ fún Kokhui pé kó bá wa sọ ọ́ nù.

Mo lọ jí Sinru.

"Dìde. Bàbá rẹ àgbà kò mira mọ́."

Ó la ojú kan. "Màmá, ó ti pẹ́ tí wọn ò ti mira."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Inú fóònù ni mò ń wí."

Ó gba fóònù náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ gba ọ̀nà tí èmi ò mọ̀. Oorun wá dá lójú rẹ̀. Ó ní, "Apá tó dúró nìkan ló sọdá. Fóònù yìí ò mọ ohun tó yẹ kó fi èyí tó ń mira ṣe, kò gbà á wọlé."

"Ibo ló wá wà?"

"Inú ti àtijọ́."

"O ní gbogbo fọ́tò mi ń lọ sójú ọ̀run, níbi tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń kó wọn pa mọ́ sí. Bá mi mú un wá láti ibẹ̀."

"Ó ti kún, Màmá. Ìgbà gbogbo ló ń sọ fún yín pé ó kún, ẹ̀yin lẹ máa ń ní kí n bá yín lé e lọ."

"Ti àtijọ́ tó wà lọ́dọ̀ Kokhui ńkọ́?"

Mo mọ ọmọ tí mo tọ́. Ó ń wá sòkòtò rẹ̀. Ó ní, "Kokhui sọ pé ọkọ̀ kan ń bọ̀ wá kó àwọn tó ti bàjẹ́ lónìí. Wọ́n ń kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ wọn wẹ́wẹ́."

N kò ya irun. Bàtà tí mo fi ń wọ inú adágún ni mo wọ̀ dé inú bọ́ọ̀sì, ẹrẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ìjókòó pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, n kò lè jókòó. Dírẹ́bà ń wò mí nínú dígí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó, kí ẹ má lọ ṣubú."

"Wa ọkọ̀ rẹ. Bí mo bá jókòó, kò ní yá."

"Bí ẹ bá dúró náà, ìwọ̀nba yìí ló lè sá."

Sinru ń pe ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè. Mo ń bi í pé ṣé ó gbé e, ó ní bó bá gbé e òun á sọ. Ojú ọ̀nà kún fún àwọn tó ń gbé tábìlì síta, tí wọ́n ń to oúnjẹ fún àwọn òkú tí kò ní ẹbí, àwọn tí a ń pè ní arákùnrin rere kí wọ́n má baà bínú. Dírẹ́bà ń yà fún tábìlì, ó ń yà fún ajá.

Ìta la bá Kokhui, abájọ tí kò fi gbọ́ ìpè. Ó to bísíkíìtì àti núdùsì sórí tábìlì, ó gbé bàsíà omi pẹ̀lú táwẹ́lì tuntun sílẹ̀ kí àwọn àlejò rẹ̀ lè bọ́jú. Tùràrí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kokhui, fóònù mi dà?"

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ńkọ́?"

"Ti àtijọ́."

"Háà. Ó ti wà nínú yanrìn."

"O ti sin ín?"

Ẹ̀rín pa á. Ó fi garawa kan hàn mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, yanrìn kún inú rẹ̀. Fóònù tí ikùn rẹ̀ bá wú, ibẹ̀ ló ń rì wọ́n sí, kí ó má baà jẹ́ pé wọ́n á gbiná nínú ṣọ́ọ̀bù. Sinru ti kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wa yanrìn bí ọmọdé etí òkun.

"Ṣé o ti nu inú rẹ̀?" ó bi í.

"Mo fẹ́ nu ún, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní kò burú, ibi tó ń lọ, wọ́n á nu ún jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Sinru rí i. Ó gbọn yanrìn kúrò lára rẹ̀, èso ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ó ní kí Kokhui fún òun ní wáyà kí òun fi iná sí i. Kokhui mi orí.

"Fi iná sí èyí? Kó lè bú lójú wa?"

"Ìwọ̀nba díẹ̀ ni. Kó ṣáà tàn. Fọ́tò bàbá mi àgbà kan ló wà níbẹ̀ tó ń mira."

Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó wo tùràrí ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú títì. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ọjọ́ kìíní oṣù keje la wà. Ẹ ní kí n jí òkú tó ń mira nínú ṣọ́ọ̀bù mi, lónìí tí gbogbo wọn ń kọjá? Ẹ jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀."

"Oṣù tó ń bọ̀, ṣé fóònù á ṣì wà?"

"Ọkọ̀ máa tó dé," ó gbà bẹ́ẹ̀.

"Gbọ́, Kokhui. Ọkọ mi kì í ṣe òkú ìgboro. Ó nílé. Ó ní pẹpẹ, ó ní àwo ìrẹsì tirẹ̀, èmi fúnra mi ni mò ń bù ú. Kò wá núdùsì ẹnikẹ́ni. Àwọn tí o tẹ́ tábìlì fún ni kí o bẹ̀rù, má bẹ̀rù tèmi."

Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n kọ́kọ́ kí àwọn tìta. Mo gba tùràrí mẹ́ta, mo foríbalẹ̀ fún wọn, mo ní kí wọ́n jẹun, kí wọ́n mu, kí wọ́n má dá sí ọ̀ràn ilé wa. Ẹsẹ̀ mi ò dúró lójú kan bí mo ṣe ń sọ ọ́.

A tẹ́ fóònù náà sórí bíríkì níta, wáyà gùn dé inú ilé. Kokhui dúró tì í pẹ̀lú ọmọrí ìkòkò, bí ẹni tó ń ṣọ́ ejò. Fóònù náà kò tàn. A ń wò ó. Mo rìn dé igun títì, mo padà. Mo tún rìn dé ibẹ̀, mo rí ọkọ̀ kan tó ń bọ̀, mo sáré padà wá wí. Ọkọ̀ ẹlẹ́ja ni.

"Màmá, ẹ ń da ọkàn mi rú," Sinru wí.

"Ó dára, kí tìrẹ náà rú."

Ó tàn. Ojú rẹ̀ funfun, èso jáde, kò sì yára ṣe nǹkan mìíràn. Nígbà tó ṣí tán, ọkọ̀ tó ń kó fóònù ti gúnlẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ ń fọn fèrè. Kokhui gbé tíì fún un kó lè ní sùúrù.

Sinru wá Buntek rí. Ó ní fọ́tò yìí, nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀, àwòrán kan àti fídíò kékeré kan tó sá sábẹ́ rẹ̀. Òun fẹ́ yọ fídíò náà sọ́tọ̀ kó lè dá rìn. Ó yọ ọ́. Ó kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ gba ibi tí ẹbí wa ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Ó dé. Ọkùnrin kan mira nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti fọ́ bí ìrẹsì tó sè jù.

"Ta nìyí?" mo bi í.

"Wọ́n máa ń fún un mọ́lẹ̀ kó tó lè kọjá níbẹ̀."

"Lọ tú u sílẹ̀."

Awakọ̀ ní òun ń lọ. Kokhui ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ìyá rí ọkọ wọn." Awakọ̀ bi í pé níbo ni ọkọ ọ̀hún wà, Kokhui nàka sí bíríkì. Ọkùnrin náà gbé ife tíì rẹ̀, ó padà sínú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Kò fọn fèrè mọ́.

Kokhui gbé kọ̀ǹpútà jáde. Wọ́n so fóònù àtijọ́ mọ́ ọn, fídíò bọ́ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n já a, wọ́n so tuntun mọ́ ọn. Kọ̀ǹpútà ni aládùúgbò tó ń gba ẹrù lọ́wọ́ ọ̀kan fún èkejì tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Sinru ní kí n má fọwọ́ kan tábìlì. Mo di ọwọ́ mi mú fún ara mi.

"Ó ti wọlé," ó wí. "Ẹ tẹ àmì àárín yìí."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Atẹ́gùn gbé kọ́là. Ó yí orí. Mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀.

N kò mọ̀ pé ohùn wà nínú rẹ̀. Fóònù àtijọ́ yẹn, mo ti ní kí wọ́n pa á lẹ́nu mọ́ láti ìgbà tó ti dún nínú tẹ́ńpìlì tí gbogbo ènìyàn wò mí. Gbogbo ìgbà tó ń yí orí sọ́dọ̀ mi, mo rò pé ó kàn ń wò mí ni. Mo ti fi ìyẹn tu ara mi nínú púpọ̀. Ohùn rẹ̀ le, bó ṣe máa ń le bí ebi bá ń pa á:

"Ṣé o pa gáàsì?"

Ó tán. Sinru bo ẹnu. Kokhui ní, "Màmá, ọkọ yín ń bi yín léèrè o," ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in tán.

Mo dìde. Mo ń gbìyànjú láti rántí bí mo ṣe jáde nílé láàárọ̀: mo jí, mo wo fóònù, mo jí ọmọ, mo wọ bàtà. Láàárín rẹ̀, ṣé mo gbé omi kaná?

"Sinru, ṣé mo tan gáàsì láàárọ̀ yìí?"

"Màmá, n kò mọ̀."

"Ká lọ."

Kokhui ń pariwo tẹ̀ lé wa pé kí ni kí òun ṣe sí ti àtijọ́, mo ní kó fún ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì kò sí. A dá ọkọ̀ ẹnì kan tó ń lọ sí apá ọ̀dọ̀ wa dúró, mo sọ fún un pé ó lè jẹ́ pé ilé mi ń jó, ó sì wa ọkọ̀ bí ẹni tí ilé tirẹ̀ ń jó. Mo na ọrùn láti ọ̀nà jíjìn, mo ń wá èéfín. Èéfín pọ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo ilé ló ń sun bébà fún òkú.

Gáàsì náà wà ní pípa. Ìkòkò tutù, kò tilẹ̀ sómi nínú rẹ̀. Mo yí bọ́tìnì náà wò, mo tún un yí wò. Sinru jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ilé ìdáná, ó ń mí.

Mo mú fóònù jáde, mo tẹ àmì àárín. Ó bi mí. Mo ní mo ti pa á.